Ọkàn Ta Ni Wọ́n Fi Ṣe Òṣùwọ̀n?

Ẹni tó bá ti fọwọ́ mú òjìjí rí kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ fún un pé iná wà nínú ara ẹ̀dá. Inú odò wa ni ẹja yìí ń gbé. Kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ ń yọ̀, ó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, ojú rẹ̀ kéré. Kí apẹja tó mọ̀ pé òun ló wà nínú àwọ̀n, apá rẹ̀ á ti kú títí dé èjìká. Èyí tó bá dàgbà dáadáa nínú wọn lè ju iná tó tó 350 vólìtì síta, ó sì ju èyí tó wà lára ògiri ilé wa lọ, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú iná wá.

Ní ìparí àwọn ọdún 1850, òjìjí mélòó kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì dé ìlú Berlin láàyè, lọ́dọ̀ ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Emil du Bois-Reymond. Ọkùnrin yìí ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá iná kiri nínú iṣan àti ẹran ara, ó sì ti kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí ìrìn àjò yẹn. Ohun tí apẹja etí odò ti ń sá fún láti ìgbà ìwásẹ̀ ni àwọn kan ń gbé kọjá òkun, tí wọ́n ń ṣìkẹ́ rẹ̀, kí ó má baà kú kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Òjìjí kò fi iná tirẹ̀ pamọ́. Tiwa ló fara sin. Iná tí ọkàn ènìyàn ń dá, nígbà tó bá fi la ẹran àti egungun kọjá dé ojú awọ àyà, kì í sábà ju ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún vólìtì lọ. Kí wọ́n tó rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kà dáadáa, ó gba ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ó gba àkèré tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán, ó gba ajá kan, ó gba ọfà, ó sì gba ìjà. Ìjà náà dùn ún gbọ́.

Luigi Galvani ń kọ́ni nípa ẹ̀yà ara ní Yunifásítì Bologna ní Ítálì. Ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n ni ìyàwó rẹ̀, Lucia, ó sì máa ń bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1780, àkèré ni wọ́n ń là. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀rọ iná kan bá ta pàrà nítòsí, tí irin ọ̀bẹ sì kan iṣan itan àkèré tó ti kú, itan náà á tàpá. Nígbà tó yá, itan ń tàpá láìsí ẹ̀rọ kankan, kí wọ́n ṣáà ti fi irin oríṣi méjì so iṣan pọ̀ mọ́ ẹran. Galvani sọ pé inú ẹranko gan-an ni iná náà ti ń wá. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1791, lẹ́yìn tí Lucia ti kú.

Alessandro Volta, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pavia, kọ́kọ́ gbà á gbọ́, ìgbà tó yá ló kọ̀. Ó ní irin méjì tí kò jọra yẹn ló ń dá iná sílẹ̀, pé ńṣe ni itan àkèré kàn ń jẹ́rìí pé iná kọjá. Galvani fèsì: ó kó irin kúrò níbẹ̀ pátápátá, ó gbé iṣan àkèré lé ẹran àkèré lórí, itan sì tún tàpá. Volta náà kò dákẹ́. Ó to zinc àti fàdákà léra wọn, ó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ sáàárín wọn, iná sì ń ti ibẹ̀ jáde láìsí àkèré rárá. Ọdún 1800 ló kéde rẹ̀. Bátìrì àkọ́kọ́ nìyẹn. Bátìrì tó wà nínú fóònù ọwọ́ wa lónìí, àríyànjiyàn lórí itan àkèré ló bí i.

Galvani kò rí i. Ní 1798, ìjọba tí àwọn ọmọ ogun Napoleon gbé kalẹ̀ ní kí àwọn olùkọ́ yunifásítì búra fún àwọn. Ó kọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kú ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà nígbà náà pé Volta ló borí. Ní tèmi, kò sí ẹni tó borí, nítorí pé òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì: irin méjì lè dá iná, ẹran ara náà lè dá iná. Itan kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Ẹni tó ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ la òkú rí ẹran, ẹni tó ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wọn iná rí irin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún bá irú rẹ̀ pàdé ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn.

Ọmọ arábìnrin Galvani, Giovanni Aldini, gbé iná lọ sí Lọ́ńdọ́nù ní 1803, ó fi kan òkú ọ̀daràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹgi fún. Ẹnu òkú gbọ̀n, ojú rẹ̀ kan là.  Eré orí ìtàgé ni mo pe ìyẹn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ú lọ, tí kò sì pariwo tó o, ṣẹlẹ̀ ní Würzburg ní Jámánì ní 1856, nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì, Kölliker àti Müller, gbé iṣan itan àkèré lé orí ọkàn tí ń lù. Bí ọkàn bá ti lù, itan á tàpá. Ó tún lù, ó tún tàpá. Ẹ̀rí dé pé bí ọkàn ti ń lù ni iná ń jáde lára rẹ̀.

Ibo ni iná ọ̀hún ti ń wá? Iyọ̀ ló wà nídìí rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ẹran ọkàn máa ń ti sodium síta, ó máa ń fa potassium sínú, ó sì ń fi bẹ́ẹ̀ mú kí inú rẹ̀ fi nǹkan bí 90 nínú ẹgbẹ̀rún vólìtì rẹlẹ̀ ju ìta rẹ̀ lọ. Nígbà tí iná bá kàn án láti ara sẹ́ẹ̀lì kejì rẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké ara rẹ̀ á ṣí, sodium á ya wọlé, calcium á tẹ̀ lé e, ẹran á súnkì. Lẹ́yìn náà potassium á jáde, nǹkan á padà sípò. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbàkúgbà tí àyà wa bá lù, láti inú oyún títí di ọjọ́ ikú. Ìdí tí dókítà fi máa ń sáré nìyí bí potassium bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́: ọkàn tí kò lárùn kankan lè torí rẹ̀ dákẹ́.

Ọkàn kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọpọlọ kí ó tó lù. Ọpọlọ lè mú un yára, ó lè mú un falẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti pa ahun rí mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ṣì máa ń lù nínú abọ́ nígbà tí wọ́n ti gé orí rẹ̀ sọnù tipẹ́. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ kò mọ ojú ibi tí lílù náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1906, Sunao Tawara, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Marburg ní Jámánì, rí kókó kan láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn. Ibẹ̀ ni iná ti máa ń dúró díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, kí àwọn yàrá òkè lè da ẹ̀jẹ̀ wọn sí ìsàlẹ̀ tán. Ní nǹkan bí àkókò yẹn náà, Arthur Keith àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Martin Flack, rí orísun rẹ̀ ní Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́jọ́ náà, Keith àti ìyàwó rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa dé, Flack ti rí kókó kan lókè ọkàn ẹranko kékeré kan tí ń gbé abẹ́ ilẹ̀, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti wọ inú yàrá òkè apá ọ̀tún. Kókó yẹn náà wà nínú ọkàn tiwa. Òun ló ń mú un lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá dákẹ́, ti àárín á gba iṣẹ́ ṣe, bí ìgbà 40 sí 60. Bí ìyẹn náà bá kùnà, ìsàlẹ̀ ọkàn á máa fi ìgbà 20 sí 40 ra ẹ̀mí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òòyì á máa kọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gba iná ọkàn ènìyàn sílẹ̀ láti ìta ara ni Augustus Waller, ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ́nù, ní 1887. Ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tí mákúrì wà nínú rẹ̀ ló lò. Bí iná bá kọjá, mákúrì á mì. Waller ní ajá kan, Jimmie, tó máa ń dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú omi iyọ̀ bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń fi iná ọkàn rẹ̀ han àwọn èrò. Lẹ́yìn tí ó gbé e lọ síwájú Royal Society ní 1909, aṣòfin kan dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó ní wọ́n ń fìyà jẹ ajá. Mínísítà dá a lóhùn pé omi tí wọ́n bu iyọ̀ sí lásán ni, pé ẹni tó bá ti wọ ẹsẹ̀ sínú òkun rí mọ bó ṣe máa ń rí lára. Waller fúnra rẹ̀ kò rò pé ohun tí òun ṣe yóò wúlò púpọ̀ ní ilé ìwòsàn. Àṣìrò ńlá.

Willem Einthoven ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Semarang ní erékùṣù Java ni wọ́n ti bí i ní 1860, nígbà tí àwọn ará Netherlands ń ṣàkóso ibẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ dókítà, kú, ìyá rẹ̀ sì kó àwọn ọmọ padà sí Utrecht. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leiden. Ẹjọ́ tó ń bá mákúrì Waller rò ni pé ó wúwo, kò lè bá ọkàn sáré, àwòrán rẹ̀ kì í sì í ṣe kedere bó ṣe yẹ. Ó wá fi òwú quartz tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, tí wọ́n fi fàdákà bò, sí àárín irin òòfà ńlá méjì. Wọ́n máa ń yọ́ quartz nínú iná, wọ́n á so ó mọ́ ọfà, wọ́n á ta ọfà náà gba inú yàrá kọjá, òwú á sì nà tẹ̀ lé e. Bí iná ọkàn bá gba ara òwú yìí kọjá, òwú á mì, wọ́n á sì ya àwòrán òjìji rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wúwo tó nǹkan bí 270 kílò, ènìyàn márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, omi tútù sì gbọ́dọ̀ máa ṣàn yí irin òòfà rẹ̀ ká kí ó má baà gbóná jù. Aláìsàn á ki ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ òsì bọ inú garawa omi iyọ̀.

Wọn kò lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọ aláìsàn lọ, aláìsàn tí kò lè dìde kò sì lè tọ̀ ọ́ wá. Einthoven ta wáyà láti yàrá iṣẹ́ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, ìrìn kìlómítà kan àti ààbọ̀, iná ọkàn sì ń gba orí wáyà wá bá a. Ọ̀rúndún ogún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 1924. Lẹ́tà márùn-ún tó fi sórúkọ òkè àti kòtò inú ìlà ọkàn, P, Q, R, S àti T, ni dókítà gbogbo àgbáyé ṣì ń pè títí di ìsinsìnyí. P ni ti yàrá òkè, Q, R àti S ni ti yàrá ìsàlẹ̀, T ni ìgbà tí yàrá ìsàlẹ̀ ń padà sípò.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí kò ju àpótí kékeré lọ. Mo rí i pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Ríwáyà nítorí pé iná ọkọ̀ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe ní Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún un, wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ lọ ṣe ECG, ìyẹn àyẹ̀wò iná ọkàn. Mo bá a lọ. Bàbá bọ́ dàńṣíkí, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára àwọn wáyà tí nọ́ọ̀sì ń tú.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí ara yín rọ̀. Ẹ má mira o.”

“Nọ́ọ̀sì, vólìtì mélòó lẹ fẹ́ fi sí mi lára?”

“Kò sí nǹkan tí a fẹ́ fi sí yín lára, Bàbá. Tiyín ni ẹ̀rọ yìí fẹ́ gbọ́.”

Bàbá ronú sí i. “Tèmi. Ó dáa. Dúdú tí ẹ fi sí ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn, ṣé áàtì nìyẹn?”

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo Bàbá, ó bú sẹ́rìn-ín. “Áàtì ni, Bàbá.”

Lẹ́yìn èyí ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sì jọ sọ. Wáyà mẹ́wàá ni wọ́n ń lò, mẹ́rin lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀, mẹ́fà láyà, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì sí lára àwọn tó ń ya àwòrán. Láti ara àwọn tó kù ni ẹ̀rọ ti ń rí ọkàn láti ojú ọ̀nà 12: mẹ́ta jẹ́ ti Einthoven, mẹ́fà ti àyà wá láti ọwọ́ Frank Wilson ní Michigan ní àwọn ọdún 1930, Emanuel Goldberger sì parí rẹ̀ ní 1942. Bí èrò bá yí eégún ká lágbo, ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ohun tí ẹni iwájú rí, eégún kan náà sì ni. Apá ibi tí ọkàn ti ń ṣe àìsàn lè má hàn rárá níwájú, kí ó sì hàn kedere lápá òsì.

Ìwé jáde. Mìlímítà 25 ni ìwé ń sáré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Lókè ìwé náà, ẹ̀rọ ti tẹ ìdájọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn Bàbá ti nípọn jù, kò dára. Dókítà ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ rí i sún iṣẹ́ abẹ síwájú lójú ẹsẹ̀. Ọmọ Bàbá tó wà ní Èkó ti ń sunkún lórí fóònù kí a tó jáde ní ọgbà.

Dókítà àgbà tí a rí lẹ́yìn náà kò sọ pé irọ́ ni ẹ̀rọ pa. Ó wo ìwé, ó wo Bàbá fúnra rẹ̀, ọkùnrin gbígbẹ tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru. Ó wá béèrè pé, “Bàbá, ẹ ti ṣe irú èyí rí?” Bàbá ti ṣe é rí, kì í sì í sọ nǹkan nù. Ó tú làílọ́ọ̀nù rẹ̀, ó yọ ìwé ECG àtijọ́ rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ìwé náà ti funfun. A rí ìlà àpótí díẹ̀díẹ̀, a kò rí ìlà ọkàn rárá. Ooru ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ọjọ́ bá sì ti lọ, ohun tí wọ́n kọ á pa rẹ́. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi wé tuntun mọ́. Bàbá ní láti lọ sanwó fún àwòrán ọkàn, èyí tí wọ́n ń fi ohùn tí etí kò lè gbọ́ yà. Ìnípọn ọkàn rẹ̀ kò ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ka ọkàn tó dára sí èyí tó ti tóbi? Òfin tí ẹ̀rọ púpọ̀ ń tẹ̀ lé ni ti Sokolow àti Lyon, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1949. Ó ní kí a wọn bí kòtò S ṣe jìn tó lójú ọ̀nà kìíní ti àyà, kí a rò ó pọ̀ mọ́ bí òkè R ṣe ga tó lójú ọ̀nà karùn-ún tàbí ìkẹfà. Bí àròpọ̀ bá ti tó mìlímítà 35, ọkàn ti tóbi. Òfin yìí rọrùn, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn léraléra pé ìlà ọkàn aláwọ̀ dúdú máa ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ọkàn rẹ̀ tóbi, pàápàá bí ó bá jẹ́ ẹni tí àyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹran tó wà láàárín wáyà àti ọkàn kò pọ̀. Bí a bá fi òfin yẹn nìkan ka ìwé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wa tí ara wọn le ni a ó sọ di aláìsàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n M. A. Araoye ní Yunifásítì Ìlọrin kò bá wọn fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó wọn ìlà ọkàn àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó sì gbé ìlànà kalẹ̀ fún kíka ìwé ECG wọn, tí ọ̀pọ̀ olùwádìí àrùn ọkàn nílẹ̀ yìí ti lò lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu wa ju bó ṣe wà lọ. Ó pẹ́ kí irú èrò bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò eré ìdárayá lágbàáyé. Ìlànà tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 2017 gbà pé lára eléré ìdárayá aláwọ̀ dúdú, ìlà T lè dojú dé lójú ọ̀nà kìíní dé ìkẹrin ti àyà, bí ìlà tó ṣáájú rẹ̀ bá gbé ara sókè lọ́nà kan, kí ó má sì jẹ́ àìsàn. Ṣáájú irú ìlànà bẹ́ẹ̀, irú ìlà kan náà lè mú kí wọ́n lé ọ̀dọ́mọkùnrin kúrò nínú eré tó ń fi bọ́ ìyá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí nìyí. Kò yẹ kí a máa fi àwọ̀ dúdú pa gbogbo ìlà gíga rẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, ní pápá ìṣeré ńlá ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù láti pegedé fún Ife Àgbáyé. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlá kí eré parí, Sam Okwaraji, ọmọ ọdún 25 tó tún jẹ́ agbẹjọ́rò, ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ sọ pé ọkàn rẹ̀ tóbi, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ẹni tó bá dàgbà tó nígbà náà kò lè gbàgbé ìròyìn orí rédíò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìlà tó ga lára ọkùnrin kan lè jẹ́ ẹ̀dá rẹ̀, lára ọkùnrin kejì ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń fi ìdákẹ́jẹ́ nípọn sí ọkàn lára fún ọdún pípẹ́. Lórí ìwé, wọ́n lè jọra bí ìbejì. Ohun tí Volta àti Galvani ṣe lórí itan àkèré ni ẹ̀rọ àti dókítà ọ̀dọ́ ṣe lórí ìwé Bàbá Ríwáyà: ohun tí wọ́n ti kọ́ láti máa rí ni wọ́n rí.

Àwọ̀ fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye. Àgbẹ̀ Ìséyìn tó gbẹ, ìyá olóńjẹ tó sanra, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ́nù tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ funfun, òfin wo la ó fi wọ̀n wọ́n pọ̀? Òfin Araoye sàn fún wa ju ti 1949 lọ, síbẹ̀ òfin gbogbogbòò ni òun náà. Èyí tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu jù lọ ni ìlà ọkàn tirẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní ìgbà tí ara rẹ̀ le. Bí ìlà kan bá ti ga láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí kò sì yí padà, dókítà lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ga ni, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn dìde.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ECG sí ohun tó lè rí gbogbo nǹkan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló sábà máa ń wò. Ọkàn tó ń ṣe ségesège lóru lè lù geere lówùúrọ̀ ọjọ́ tí a bá gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí Norman Holter, ará Montana ní Amẹ́ríkà, fi ṣe èyí tí ènìyàn lè máa gbé rìn. Àkọ́kọ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé sẹ́yìn bí ẹrù ọmọ ogun, wúwo tó kílò 38. Ti ìsinsìnyí kò ju ohun tí a lè fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù lọ. Àwọn mìíràn ń gbé bátìrì kiri nínú àyà wọn. Arne Larsson, ará Sweden, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pacemaker, ẹ̀rọ tí ń fi iná mú ọkàn lù, sínú ara rẹ̀, ní Stockholm ní 1958. Àkọ́kọ́ yẹn kò lò ju wákàtí mélòó kan lọ. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ju ogún ìgbà lọ, ó sì pẹ́ láyé ju dókítà tó fi í sí i lára àti ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà lọ. Ọmọ ọdún 86 ni nígbà tó kú ní 2001, kì í sì í ṣe ọkàn ló pa á. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù Christian Eriksen ṣubú lórí pápá ní Copenhagen ní 2021, ẹ̀rọ tí ń fi iná jí ọkàn wà nítòsí, ọwọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n lò sì yá. Ó padà gbá bọ́ọ̀lù. Mo máa ń ro iye pápá tiwa tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà lónìí, mo sì máa ń rò ó pẹ̀lú ìbínú.

Rírà á fún gbogbo pápá, ọwọ́ ìjọba àti àwọn olówó ló wà. Èyí tó wà lọ́wọ́ tiwa kò gba owó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, bí kò tilẹ̀ sí ohun tí ń dùn yín. Bí wọ́n bá sì ṣe ECG fún yín níbikíbi, ẹ má jẹ́ kí ìwé rẹ̀ kù sínú fáìlì wọn nìkan. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà kan. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, ẹ fi fóònù ya á, ẹ kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru yín sí ẹ̀yìn fọ́tókọ́pì náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tó jáde lára ẹ̀rọ, nítorí pé ooru àti oòrùn máa ń pa á rẹ́. Bí dókítà mìíràn bá fẹ́ ka tuntun fún yín, ẹ kọ́kọ́ fi ti àtijọ́ hàn án.